Kọ́kọ́rọ́ Kànga ní Mẹ́kà

Ọkùnrin kan wà, àgbà agboolé kan létí ọ̀nà Ìwó, tí kò sí ohun tó wù ú láyé bíi kó fojú kan ilé Kábà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, ó fẹ́ ṣú opó rẹ̀. Obìnrin náà kọ̀, bí ẹ̀sìn ti fún un láyè láti kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti fi irin bo kànga tí baba wọn gbẹ́ sáàárín agboolé, ó sì fi àgádágodo tì í. Ẹni tó bá wù ú ló ń ṣí i fún. Odò ni opó náà ń lọ, pẹ̀lú Sáúdátù ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní ọdún tí ọ̀nà Mẹ́kà là fún un, ó ṣe bí gbogbo ẹni tó ń lọ ti ń ṣe: ó ń ti ojúlé dé ojúlé tọrọ àforíjì. Àwọn ará àdúgbò ń bá a ṣàwàdà, wọ́n ń pè é ní Alájì kó tó kúrò nílé. Níkẹyìn ó dé ọ̀dọ̀ opó náà.

"Ìyàwó, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, ọkọ mi. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kànga sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé."

Ó ní bí òun bá dé, àwọn yóò sọ ọ́. Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ inú ìgbànú tí yóò sán mọ́ aṣọ híràmí rẹ̀, aṣọ funfun tí à ń wọ̀ ní Mẹ́kà, òun àti ìyàwó tirẹ̀ gan-an sì lọ.

Ìwọ tó ń múra Mẹ́kà náà mọ ohun tí à ń ṣe lọ́hùn-ún. Láàárín òkè Sọfá àti òkè Máríwà, ẹ̀ẹ̀méje ni à ń lọ tí à ń bọ̀, nítorí Hájárà, ìyàwó Ànábì Ìbúráhímù, sáré bẹ́ẹ̀ nínú aṣálẹ̀ nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá tó ń wá omi ni Ọlọ́run sọ di ìjọsìn. Ọkùnrin yìí rìn ín pé. Ó sunkún nítorí Hájárà. Kọ́kọ́rọ́ náà ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń sáré, kò sì fura.

Nílé, odò ti gbẹ ku ẹrẹ̀. Opó náà ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, ọmọ mu ún, ìgbẹ́ gbuuru sì mú ọmọ. Ó lọ bẹ àwọn àgbà mọ́sálásí kí wọ́n já àgádágodo. Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní a kì í já ohun tí àlejò Ọlọ́run bá tì. Lọ́jọ́ kẹta, Sáúdátù kú. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ènìyàn lọ pọn omi ní abúlé kejì, èyí tí wọ́n fi wẹ òkú.

Alájì dé pẹ̀lú láwàní. Nígbà tó gbọ́, ó ṣí kànga sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi Sámsámù, omi tí Ọlọ́run mú sun fún ọmọ Hájárà, lọ bá opó náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún tọrọ àforíjì.

"Ẹ gbé e padà, Alájì. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti lọ. Èyí tí mo forí jì yín lọ́jọ́sí, kò kan ti Sáúdátù. Òun ni kí ẹ lọ bẹ̀."

Kò pè é ní ọkọ mi mọ́.

Ìwọ wá jókòó níwájú mi, o ń bi mí pé àdúrà wo ni o máa kà ní òkè Árafà. Mi ò ní àdúrà kan fún ọ. Kò sí ohun tó yẹ kí ọkùnrin yẹn ṣe ní Mẹ́kà tí kò ṣe, síbẹ̀ mi ò lè sọ pé ó dé ibẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ ẹ̀dá, ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni àforíjì rẹ̀ wà, òkú kò sì ní ẹnu. Àwa àgbà mọ́sálásí tí a ní kí a má já àgádágodo, a kò kúrò nílé, a sì ní ìpín tiwa nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ọ̀túnla ni ọkọ̀ òfurufú rẹ ń gbéra. Lọ tú ìgbànú rẹ wò.