Okùn Mẹ́ta Ìdí Kèrègbè

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Odídẹrẹ́, tí Àkùkọ ní kó máa ṣọ́ kèrègbè àkókò níbi iṣẹ́ àáró. Bí omi tó kán láti inú rẹ̀ sínú igbá ẹni, bí a ti ń ro oko ẹlòmíràn, bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò ṣe pẹ́ tó lóko rẹ̀. Okùn mẹ́ta ló wà ní ìdí kèrègbè náà.

Àkùkọ ní, "Okùn àkókò ni gbogbo wọn."

Ìgbín ro oko títí, ó ní òun fẹ́ sinmi. Odídẹrẹ́ fa okùn kan láti dá omi dúró. Igbá Ìgbín dojú dé, omi dànù.

Ìgbín ké pé, "Ta ni yóò wá ro tèmi báyìí?"

Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Omi Ìgbín dànù o,
*Ó ń kán tó-tó.*

Odídẹrẹ́ wolẹ̀. "Bàbá, ẹ ò sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe."

"Òótọ́ ni," Àkùkọ dáhùn. "Èyí ń jẹ́ kí omi kán. Èyí ń dá a dúró bí ẹnì kan bá ń sinmi. Èyí ń da igbá nù. Má fà á àfi bí ẹni tó ni ín bá gbà."

Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. "Ó yá, Ìgbín, oko rẹ dà?"