Ogójì Páálí Ìwé Olóyè Fágbóhùn

Olóyè Fágbóhùn fẹ́ gba oko kòkó mọ́ Wúràọlá, opó kan ní Òkè-Ìgbín, lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí ọkọ obìnrin náà rí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Lẹ́tà ọ̀hún ti bá iná lọ, ẹ̀dà rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ olóyè. Adájọ́ pàṣẹ pé kí ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde. Ló bá kó ogójì páálí wá sí kóòtù, lọ́yà rẹ̀ sì ní kí opó wá ẹ̀dà lẹ́tà náà rí kí aago méjì tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n da ẹjọ́ nù. Wúràọlá wo òkìtì páálí náà, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Olúwa mi, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ bá mi bẹ Olóyè kí wọ́n dín in kù. Kí wọ́n gbé páálí kan péré tí kò kàn mí padà sílé." Adájọ́ gbà. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ti àwọn tó wà lókè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀ pátápátá. "Olúwa mi," ni Wúràọlá wí, "èyí yẹn gan-an ni kí wọ́n tú." Lọ́yà fò dìde: "Ṣebí o ní kò kàn ọ́?" "Olóyè ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n wá dé ìsàlẹ̀." Akọ̀wé kóòtù tú páálí náà, ẹ̀dà lẹ́tà náà sì jáde pẹ̀lú ìbuwọ́lù olóyè. Aago kan kò tíì lù tí adájọ́ fi dá Wúràọlá láre pé òun ló ni oko. Páálí mọ́kàndínlógójì yòókù, ẹnikẹ́ni ò tú wọn; Olóyè ló tún wá ọkọ̀ tó kó wọn padà sílé.