Ojú Ọrọọrún

"A kì í fi ojú ọrọọrún wo aláìsàn." Gbogbo wa la ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ fara balẹ̀, ìtàn náà kò dùn ún gbọ́ o.

Oyèníran, àgbẹ̀ ará Ìdí-Ahùn, fi Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí, fọ́kọ ní Abà Òkè. Abà yìí wà lójú ọ̀nà ọjà Agbẹdẹ tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, gbogbo ọjọ́ ọjà ni bàbá sì máa ń yà kí ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún kan, wọ́n ní Àwẹ̀ró ń ṣàìsàn. Oyèníran yà, ó bá a nídìí odó, ó ń gúnyán. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó bá a tí ó ń gbálẹ̀, àmọ́ ó ti rù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ibà ni. Bó bá mú mi lónìí, á fi mí sílẹ̀ lọ́la, á tún padà dé lọ́túnla."

"Ibà wo ló ń gbálẹ̀? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ọmọ Oyèníran kọ ilé ọkọ ni? Ojú mi kọ́ ni mo fi ń wò ọ́ yìí?"

Ìyálé Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ sùn síbí mọ́jú ọ̀la, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Oyèníran rẹ́rìn-ín, ó ní ọjà ń dúró de òun. Ó tilẹ̀ pàṣẹ fún ọkọ kí ó dá àgbo tí ó ń fún un dúró, kí wọ́n má kẹ́ ọmọ òun bà jẹ́. Ta ni yóò já àna rẹ̀ níyàn? Ọkọ da àgbo nù.

Họ́wù! Ojú tí ó fi ń yangàn kò purọ́ fún un. Ọjọ́ tí ibà ń sinmi ni ọjọ́ ọjà ń bọ́ sí nígbà gbogbo.

Ni baálẹ̀ Agbẹdẹ bá kú, wọ́n sì sún ọjà sí ọjọ́ kejì. Nígbà tí Oyèníran yà lọ́jọ́ náà, inú oòrùn ló ti bá ọmọ rẹ̀, aṣọ rẹpẹtẹ lára rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ké orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró lajú, ó wò ó títí.

"Bàbá, òní mà kọ́ lọjọ́ ọjà."

Oyèníran pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìgbà tí ó wà lọ́mọdé, ó kọjú sọ́nà ilé. Ara ọmọ ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́. Inú bàbá dùn, ó ní, "Ó ti fi ọ́ sílẹ̀, àbí? Mo sọ fún ọ." Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi dé Ìdí-Ahùn. Ìyá Àwẹ̀ró ló tú ọ̀já, òun ló sì figbe ta.

Oyèníran kò ná ọjà Agbẹdẹ mọ́ títí ó fi kú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà, níwájú òkú ọmọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó wá fi ìwọ̀nba tí ó rí pe ẹni tí ń jẹ̀rora ní òpùrọ́, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń sọ fún un pé a kì í fi ojú ọrọọrún wo aláìsàn.