Ojú Àáké Lára Òpó Ọnàbánjọ

Àáké ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lára òpó kí Àwẹ̀ró tó sáré dé iwájú ilé. “Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló ń gbé.” Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ìdí òpó yẹn ni.

Ọnàbánjọ, gbẹ́nàgbẹ́nà, ló gbẹ́ òpó náà. Òun ni ọkọ Àwẹ̀ró. Ó ti kú. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òpó yìí nìkan ló ṣẹ́kù fún opó rẹ̀ láti máa wò.

Ọláìtán, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó jẹ́ baálé ilé náà, ló gbé àáké dání. Ojoojúmọ́ ni kòkòrò wẹ́wẹ́ ń kóra jọ sí ìdí òpó. Ọláìtán kò mọ kòkòrò kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ tí kò lè dá.

“Ìyàwó, yà lọ́nà! Igi ọkọ rẹ fẹ́ wó ilé baba wa.”

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Igi tí kòkòrò bá ń jẹ, ìyẹ̀ igi a máa dà sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ìyẹ̀ dà?”

“O ti gbá a dànù!”

“Ihò ńkọ́? Ṣé mo gbá ihò náà ni?”

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró mú kòkòrò kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Oko obì ni wọ́n ti tọ́ Àwẹ̀ró dàgbà.

“Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó gùn ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Èyí kì í jẹgi. Obì ló ń dá lu.”

“Ta ló ní obì nínú ilé yìí?”

Ìyá àgbà kan tutọ́ sílẹ̀. “Baálé, ẹ̀yin náà lẹ ń bi wá?”

Obì tí àna bá gbé wá, gbogbo ẹnu tó wà nílé ló ń kàn. Èyí tó bá dé ọwọ́ Ọláìtán kò kan ẹnikẹ́ni. Ó ń kó o pamọ́ sínú agbọ̀n nínú yàrá. Obì inú agbọ̀n, ṣíṣà ni à ń ṣà á, kí a yọ èyí tó bàjẹ́. Ahun yìí kò jẹ́ kí ọwọ́ kan kàn án, kò sì ṣà á fúnra rẹ̀.

Wọ́n gbé agbọ̀n jáde, wọ́n ṣí ewé orí rẹ̀. Ihò ni gbogbo obì. Kòkòrò ń yọ jáde, wọ́n tò lọ síbi ìmọ́lẹ̀, sí ìdí òpó.

“Bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí, “kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ẹ fi òpó olóògbé sílẹ̀.”

Ọláìtán gbé àáké wọlé.  

Nígbà tí ohun tó ń ba ilé jẹ́ bá wà lọ́wọ́ onílé, tí onítọ̀hún sì ń ka ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, ìgbà náà ni àgbà ń pa òwe yìí. Òpó náà ṣì wà lóòró. Ojú àáké méjì wà lára rẹ̀.