Àmì Ọfà Nínú Igbó Adití

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ohùn mi tí ó ti rẹ̀ lè dé etí yín. Èmi ni Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ará Òkè-Ìrókò, ọdẹ tí ẹranko ń bẹ̀rù ṣùgbọ́n tí ikọ́ kò bẹ̀rù. Ikọ́ wọ ilé mi, ó dá Àríyìíkẹ́ ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó sì dá Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, dùbúlẹ̀ tì í. Wọ́n ní gbòǹgbò tí ó lè wò wọ́n sàn wà ní Igbó Adití. Mo gbé ìbọn, mo gbé ìbànújẹ́ mi, mo lọ.

Ní ọjọ́ keje ni mo pàdé olùṣọ́ igbó náà, ìyá arúgbó tí olú hù léjìká rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Gbòǹgbò méjì péré ni mo ń fún ọdẹ láyé rẹ̀,” ni ó wí. “Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ènìyàn kan. Àwọn iwin mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn mi yìí ni yóò sọ ọ́ di àgbo: Afọ̀ a máa fọ̀, Alọ̀ a máa lọ̀, Asè a máa sè. Adití ni wọ́n. Ohun tí o bá kọ sílẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ nìkan ni wọn yóò ṣe.”

“Ẹ ṣé o, ìyá. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?”

“Àwọn ọdẹ a máa fi iṣẹ́ kan sínú iṣẹ́ kejì, bí ẹni kó igbá sínú igbá. Inú pátápátá ni àwọn iwin ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Mo kánjú. Mo kọ Afọ̀ síta, mo fi Alọ̀ sínú rẹ̀, mo fi Asè sínú Alọ̀, mo wá fi gbòǹgbò sí inú pátápátá, nítorí bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ léra lọ́kàn mi nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí! Asè ló bẹ̀rẹ̀, ó se gbòǹgbò pẹ̀lú erùpẹ̀ lára. Alọ̀ lọ̀ ọ́. Afọ̀ gbé e lọ sódò, ó sì fọ̀ ọ́ títí gbogbo agbára rẹ̀ fi bá omi lọ. Mo ké, mo bẹ̀ wọ́n, mo bú sẹ́kún. Wọn kò gbọ́.

“Ọ̀nà mìíràn wà, ọmọ mi,” ni ìyá arúgbó wí. “Ìwọ ni kò bi mí bóyá ó wà. Kọ gbòǹgbò, fa àmì ọfà sí Afọ̀, fa ọfà sí Alọ̀, fa ọfà sí Asè. Ohun tí ó bá jáde lọ́wọ́ ẹni ìṣáájú yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Bí o ti ń rò ó ni ojú rẹ yóò ṣe máa rí i.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ibi tí ó rú mi lójú. Gbòǹgbò kejì di àgbo pupa nínú ìkòkò kékeré.

Ọ̀sán ni mo délé. Àríyìíkẹ́ wo ìkòkò kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì mọ̀.

“Bàbá Ọdẹ́bùnmi,” ni ó wí, “ẹ fún ọmọ.”

Mo fún ọmọ. Ara rẹ̀ yá, ó sì ń bẹ láàyè títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pàṣẹ fún ẹni tí kò lè bi yín léèrè, ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe máa ṣẹlẹ̀, kí ojú lè tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀, ẹ kà á. Èmi kò kà á nígbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹrin tí mo délé ni a sin Àríyìíkẹ́.