Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọkọ̀

Ẹ̀rọ tí í ké bí ọkọ̀ bá fẹ́ fẹ̀yìn gbá nǹkan ló bà jẹ́ lára ọkọ̀ Ìyá Ìjọ Jọláadé, ni mọkáníìkì rẹ̀, Gbàdébọ̀, bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá ń fẹ̀yìn jáde nínú ọgbà ìjọ. Ọkọ̀ ò ké. Ariwo èrò ni kò jẹ́ kó tẹ ọmọdé kan pa.

Tìbínú-tìbínú ló fi bá Gbàdébọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ọ̀tá ni, Màmá. Ẹ fi òróró àdúrà kùn ún.”

“Ọ̀tá wo? Ṣé o fi kọ̀ǹpútà mú ẹ̀rọ tuntun náà mọ ọkọ̀ yìí, kó lè máa ké?”

Gbàdébọ̀ họrí. “Mo rò pé wọ́n á mọra wọn tó bá yá.”

“Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà! Sátánì jókòó sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!”