Òkété Oníbodè àti Alántakùn Adẹrù

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ! Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ebi ń pa yín ni? Ààlọ́ o! Ẹn-ẹ́n.

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ẹtu, opó tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lókè odò. Egbòogi ni Ẹtu fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní bodè ọ̀nà ibẹ̀, Alántakùn ní láti fi òwú di gbogbo ẹrù kí olè má baà rí inú rẹ̀, Òkété oníbodè sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí májèlé má baà kọjá.

Alántakùn dì í. Òkété fà á ya, egbòogi dà sínú ẹrẹ̀. Ẹtu wá òmíràn. Alántakùn dì í nípọn. Òkété fi eyín já a, ó tún dànù. Lẹ́ẹ̀kẹta, Òkété ti ọwọ́ bọ inú ẹrù, Alántakùn sì di ọwọ́ mọ́ ọn.

Ẹtu figbe ta. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi ń retí mi o,
*Jíngbín!*
Ẹrù ò kúrò ní bodè,
*Jíngbín!*

Ẹtu ní, “Ẹ̀yin àgbà, ta ló ń dé ìkòkò kó tó fi iyọ̀ sí i? Òkété, kọ́kọ́ wò ó. Alántakùn, wá dì í. Bí ẹrù bá ń wọlé, kí Alántakùn tú u ná, kí Òkété tó wò ó.”

Òkété ní, “Èmi àgbà, kí n máa dúró de ọmọ olówùú bí ẹrù bá ń wọlé?”

Alántakùn rẹ́rìn-ín. “Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ há sínú ẹrù!”

Òkété gbà, Alántakùn sì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹrù kọjá láìdà. Ní ọjọ́ keje, ọmọ Ẹtu fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé bodè, ó ní ebi ń pa òun.

Ẹ gbọ́, òṣìṣẹ́ rere méjì lè ba iṣẹ́ jẹ́ bí wọn ò bá mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi wúwo bí ọlọ.